Òpó Ẹ̀fọ̀n Lójú Káàdì

Bí ọ̀dọ́ kan bá ya ẹlẹ́ṣin tí Agbọnbiọfẹ Adéṣínà gbẹ́ sára òpó ààfin Ẹ̀fọ̀n-Aláayè sójú káàdì, tó wá ń gba owó ìtẹ̀wé lọ́wọ́ aráyé lórí ìkànnì ìkówójọ Kickstarter, ta ló lè pè é lẹ́jọ́?

Kì í ṣe àwọn ọmọ agbẹ́gilére náà. Ó kú ní 1945, 70 ọdún lẹ́yìn ikú oníṣẹ́-ọnà sì ni òfin ẹ̀tọ́ àṣẹ̀dá Nàìjíríà ti 2022 fi ẹ̀tọ́ náà mọ.

Ṣùgbọ́n òfin yìí kan náà ní kí ẹni tó fẹ́ fi ọnà ìbílẹ̀ pawó gbàṣẹ lọ́wọ́ àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ẹ̀tọ́ àṣẹ̀dá, Nigerian Copyright Commission, àfi bó bá yá díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣe ọnà tuntun. Àbújá ni àṣẹ yẹn ti ń wá o! Ẹ̀fọ̀n ńkọ́? Lójú tiwa, ó yẹ kí orúkọ agbẹ́gilére àti ìlú rẹ̀ hàn lára páálí káàdì, kí ààfin sì rí nǹkan gbà nínú owó náà.