Ìdánwò GMAT: Màgòmágó kò lè gbé ọmọ Olúyọ̀lé dé ilé ẹ̀kọ́ ìṣòwò

Ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Òwe yìí ló yẹ kó wà lọ́kàn àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń wọ́ lọ, tí wọ́n ń wọ́ bọ̀ ní Agbowó, níwájú ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n ń wá bí wọn yóò ṣe wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣòwò nílé àti lókè òkun. Ẹni tó bá gba àdúgbò náà kọjá yóò rí i pé ìdánwò ti di òwò ńlá níbẹ̀. Àwọn kan ń kọ́ni ní JAMB, àwọn kan ń kọ́ni ní IELTS, àwọn mìíràn sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri pé GRE àti GMAT ni tàwọn. Láti Bódìjà títí dé Dùgbẹ̀, láti Ring Road títí dé Challenge, kò sí àdúgbò tí èèyàn kò ti ní rí òbí tó ń sọ pé ọmọ òun fẹ́ lọ gba oyè MBA, ìyẹn oyè kejì nínú ìmọ̀ ìṣàkóso òwò.

Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Ọmọ tó bá fẹ́ kàwé, ìwúrí ni fún òbí rẹ̀. Ohun tó yẹ ká yẹ̀ wò ni ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbà múra sílẹ̀. Wọ́n ń múra GMAT bí ẹni ń múra WAEC tàbí JAMB: wọ́n ń há ìwé sórí, wọ́n ń wá ìbéèrè ọdún tó kọjá, àwọn mìíràn sì ń wá ẹni tó máa bá wọn ṣe é. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa, ìdánwò yìí kì í ṣe irú èyí tí a mọ̀. Ẹni tó bá fi ọgbọ́n ti àtijọ́ lọ bá a, owó rẹ̀ ni yóò sọnù, ọkàn rẹ̀ yóò sì bàjẹ́.

Ní ọdún 1953 ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣòwò kan ní Amẹ́ríkà fẹnu kò pé ó yẹ kí àwọn ní ìdánwò kan náà tí wọn yóò máa fi wọn ọgbọ́n ẹni tó bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ọdún 1954 ni wọ́n ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́. Láti ìgbà náà ló ti tàn káàkiri ayé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, wọ́n gbé ẹ̀dà tuntun jáde, èyí tí wọ́n pè ní GMAT Focus nígbà náà, nígbà tó sì di ìparí oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, ẹ̀dà ti àtijọ́ kásẹ̀ nílẹ̀. Ìbéèrè 64 ló wà nínú tuntun yìí: 21 lórí ìṣirò, 23 lórí kíka àkọsílẹ̀ àti wíwádìí àríyànjiyàn, 20 lórí bí a ṣe ń túmọ̀ àlàyé inú àtẹ àti àwòrán. Ìṣẹ́jú 45 ni wọ́n fún ìpín kọ̀ọ̀kan. Máàkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 205, ó sì dópin sí 805, ọdún márùn-ún sì ni èsì náà fi ń ṣiṣẹ́.

Ibi tí ẹ̀fẹ́ ti ń fẹ́ wọlé àkọ́kọ́ nìyẹn. Ìwé àdàkọ tó ti gbó ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa ń rà nítorí pé ó dín lówó. Àwọn ìwé náà ń kọ́ni bí a ṣe ń kọ àròkọ, bí a ṣe ń tún gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tó wọ́ ṣe, àti ìṣirò onígun mẹ́ta òun ti òbìrí. Gbogbo rẹ̀ pátá ni wọ́n ti yọ kúrò nínú ìdánwò náà. Ẹni tó fi oṣù méjì kọ́ wọn, bí ẹni tó ń pọn omi sínú agbọ̀n ló rí. Kí ẹ tó náwó sórí ìwé tàbí olùkọ́ kankan, ẹ bi í pé: ṣé ti Focus ni, àbí ti ìgbà kan rí? Olùkọ́ tí kò bá mọ ìyàtọ̀ méjèèjì, ẹ yẹra fún un.

Èkejì ni pé kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló ń yan ìbéèrè fún olúkúlùkù. Bí èèyàn bá ń dáhùn dáadáa, yóò gbé èyí tó le jù bẹ́ẹ̀ wá. Bó bá ń ṣì í, yóò sọ ọ́ di fífúyẹ́. Nítorí náà, ohun tí ẹni tó jókòó lápá ọ̀tún ń rí yàtọ̀ sí ti ẹni tó wà lápá òsì. Òótọ́ ni pé àwọn ọmọ wa ti mọ ìdánwò orí kọ̀ǹpútà, nítorí pé láti ọdún 2013 ni JAMB ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mímọ bí a ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà kò túmọ̀ sí pé a ti mọ ohun tí ìdánwò ń béèrè.

Ẹ jẹ́ ká fi ọjà Bódìjà ṣe àpẹẹrẹ. Ká sọ pé ìbéèrè náà lọ báyìí: ìyá kan ta àpò ẹ̀wà, ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún owó tó fi rà á ló jẹ́ èrè rẹ̀? Wọ́n wá fún yín ní ọ̀rọ̀ méjì. Àkọ́kọ́ ni pé ìyá náà jèrè ₦10,000 lórí àpò kan. Èkejì ni pé, nínú gbogbo ₦8 tó fi ra ọjà, ₦9 ló tà á. Wọn kò ní kí ẹ ṣe ìṣirò kankan. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé èwo nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì ló tó láti rí ìdáhùn. Ẹni tó mọ̀ ọ́n há sórí yóò rí ₦10,000, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tó máa fi sí. Ẹni tó ronú yóò rí i pé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ kò tó, nítorí pé ₦10,000 lórí ọjà ₦20,000 kò jọ ₦10,000 lórí ọjà ₦200,000. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kejì nìkan ti tó: náírà kan lórí mẹ́jọ ni, ìyẹn 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Iye tí wọ́n ń ta ẹ̀wà kò tiẹ̀ kan ọ̀rọ̀ náà.

Ìyá alẹ́wà tí kò gbọ́ orúkọ GMAT rí mọ ọgbọ́n yìí, nítorí pé lójoojúmọ́ ló ń fi ń ṣòwò. Ọmọ rẹ̀ tó ti gba oyè yunifásítì ló máa ń ṣòro fún, torí pé láti kékeré ni a ti kọ́ ọ pé ìbéèrè tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀, kíá ni kó ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Ẹ̀bi ọmọ náà nìkan kọ́. Bí a ṣe ń kọ́ wọn níléèwé nìyẹn: ẹni tó bá lè da ohun tí tíṣà sọ padà lẹ́nu ló ń gba ipò kìn-ín-ní.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti màgòmágó. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun ní ìbéèrè GMAT lọ́wọ́, tàbí pé òun yóò bá yín jókòó ṣe é, ẹ sá fún un. Ní ọdún 2008, ilé ẹjọ́ kan ní Amẹ́ríkà ní kí ẹni tó ni ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì kan, Scoretop, san owó tó lé ní mílíọ̀nù méjì dọ́là fún àjọ GMAC tó ń ṣètò ìdánwò náà, nítorí pé wọ́n ń ta ìbéèrè tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀. Kò tán síbẹ̀ o. Àjọ náà wá àwọn tó fi ọwọ́ sí i kàn, wọ́n sì fagi lé èsì wọn. Àwọn kan nínú irú wọn ti lè wà nínú kíláàsì nígbà náà. Irọ́ lè sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a.

Ọ̀rọ̀ owó náà kò ṣeé fojú fò. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti jẹ́ kí náírà máa wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà, nǹkan ti yí padà. Ṣáájú ìgbà náà, nǹkan bíi ₦460 ni wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là kan ní bánkì. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Bí a bá fi 250 dọ́là ṣe ìṣirò owó ìdánwò, ohun tó jẹ́ ₦115,000 tẹ́lẹ̀ ti di ₦375,000. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù keje ọdún 2024 jẹ́ ₦70,000. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ìdánwò kan ṣoṣo ju owó oṣù márùn-ún òṣìṣẹ́ tó ń gba iye yìí lọ nígbà náà. Ẹni tó bá fìdí rẹmi, tó ní òun tún fẹ́ ṣe é, ilé ló ń tà yẹn. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe lọ fi ìdánwò yìí dán ara rẹ̀ wò. Ilé ni kó ti dán ara rẹ̀ wò, nítorí pé àjọ náà ní ìdánwò àdánwò méjì tí kò gba kọ́bọ̀ lójú ewé wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Àwọn kan yóò ní iná kò sí, íntánẹ́ẹ̀tì ń ṣe ségesège, owó kò sì tó. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìlú Ìbàdàn yìí kan náà. Kí wọ́n tó dá Yunifásítì Ìbàdàn sílẹ̀ ní ọdún 1948, kò sí yunifásítì kankan ní Nàìjíríà. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tó ti ṣe iṣẹ́ oníròyìn, tó ti dá òwò ọkọ̀ àti ti irè oko, tí òwò náà sì ti dojú rú mọ́ ọn lọ́wọ́, kò jẹ́ kí ìyẹn dá òun dúró. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i láti òkè òkun ló ń kọ́. Ní ọdún 1944, ó gba oyè nínú ìmọ̀ ìṣòwò láti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù láìjókòó ní kíláàsì wọn rí. Ọdún náà ló lọ kọ́ ìmọ̀ òfin ní ìlú ọba, ó sì di agbẹjọ́rò ní 1946. Kò sí kọ̀ǹpútà, kò sí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tó ní ni ìlànà: ó mọ ohun tí ìdánwò ń béèrè, ó sì ń ka ìwé rẹ̀ lójoojúmọ́.

Irú ìlànà bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó bá fẹ́ ṣe GMAT gbọ́dọ̀ ní. Oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà kò pọ̀ jù fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Ìṣirò onípò ìwé mẹ́ta girama ni kó kọ́kọ́ tún kọ́, ìdá, ìpín àti ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, kó sì máa ṣe é láìlo ẹ̀rọ ìṣirò, nítorí pé wọn kì í gbà á láyè ní ìpín ìṣirò. Kó máa ka ìwé ìròyìn tó jinlẹ̀, kó sì máa bi ara rẹ̀ pé: kí ni ẹni yìí ń sọ, kí ló sì fi gbè é lẹ́sẹ̀? Kó máa kọ àṣìṣe rẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé àṣìṣe ni olùkọ́ tó dára jù. Kó sì máa fi aago sílẹ̀, torí pé ìṣẹ́jú méjì péré ló bọ́ sí ìbéèrè kan.

Ní ìkẹyìn, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó fẹ́ gba MBA ló gbọ́dọ̀ ṣe GMAT. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, tó fi mọ́ ti Harvard, ló ń gba GRE pẹ̀lú. Yunifásítì Ìbàdàn ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣòwò àti ìlànà ìgbàwọlé tirẹ̀. Lagos Business School, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1991, náà wà nítòsí. Ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ fẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ bi léèrè ohun tó ń gbà, kí ẹ tó san owó ìdánwò kankan.

Ẹ̀yin òbí náà, ẹ má ṣe ti ọmọ yín sínú màgòmágó nítorí pé ẹ fẹ́ kó tètè lọ. Ẹni tó ra ìdáhùn wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣòwò, ta ni yóò ra ìdáhùn fún un lọ́jọ́ tí wọ́n bá fa ilé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́, tí gbèsè sì ń kanlẹ̀kùn? Ìyá alẹ́wà ní Bódìjà kò rí ìdáhùn rà rí, síbẹ̀ ó ń jèrè. Ohun tó mọ̀ ni kí àwọn ọmọ rẹ̀ lọ kọ́.