Àjàkálẹ̀ Àrùn Kò Gbọdọ̀ Dá Ìtọ́jú Oníná Ọmọ Tuntun Dúró

Ẹ̀yin abiyamọ, ẹ̀yin bàbá ọmọ, àti ẹ̀yin ìyá àgbà tí ẹ ń wẹ ọmọ,

Ní oṣù kejì ọdún 2020 ni a kọ́kọ́ rí aláìsàn Kòrónà ní Nàìjíríà. Kí oṣù kẹta tó parí, ìjọba ti ní kí àwọn ará Èkó, Ògùn àti Àbújá jókòó sílé. Ẹ̀rù ilé ìwòsàn ba ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà náà. Àrùn yẹn ti rọlẹ̀, ṣùgbọ́n òmíràn lè dé. Èrò wa ni pé, bí ó ti wù kí ó rí, a kò gbọdọ̀ dá iná tí a fi ń tọ́jú ibà pọ́njú ọmọ tuntun dúró.

Ọ̀pọ̀ ọmọ tuntun ni ojú àti awọ ara wọn máa ń pọ́n rúsúrúsú ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ̀jẹ̀ tí ó ti gbó tí ó sì ń fọ́ nínú ara ni ó ń mú àwọ̀ náà wá, ẹ̀dọ̀ ọmọ kò sì tíì lágbára tó láti kó o dànù. Lára ọ̀pọ̀ ọmọ, yóò lọ fúnra rẹ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, a máa wọ inú ọpọlọ; ó lè sọ ọmọ di adití tàbí arọ, ó sì lè gba ẹ̀mí rẹ̀. Iná aláwọ̀ búlúù tí a tàn sí ara ọmọ a máa yí àwọ̀ yìí padà, kí ó lè bá ìtọ̀ àti ìgbẹ́ jáde.

Àwọn kan yóò wí pé kí a gbé ọmọ sí oòrùn àárọ̀ nílé títí àrùn yóò fi kọjá. A kò fara mọ́ ọn. Oòrùn lè jó awọ ọmọ, kò sì sí ẹni tí yóò yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò nílé. Omi glúkóòsì àti àgbo kò lè rọ́pò iná. Àrùn tí ó wà níta lè má kan ọmọ yín. Ibà pọ́njú ti wà lára rẹ̀ ná, wákàtí ni a sì fi ń ka ewu rẹ̀.

A gbà pé àjàkálẹ̀ àrùn léwu. Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra lọ ni ó yẹ, kì í ṣe kí a má lọ. Kí ẹnì kan ṣoṣo sin ìyá àti ọmọ lọ. Kí ìyá lo ìbòmú, kí ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kí ó sì máa fún ọmọ lọ́mú déédéé. Kí ilé ìwòsàn nu ibùsùn iná mọ́ kí ọmọ mìíràn tó dé ibẹ̀, kí wọ́n bo ojú ọmọ, kí wọ́n má sì ti yàrá iná pa. Bí a bá ti tẹ́ ọmọ sábẹ́ iná, ẹ má ṣe gbé e lọ sílé kí dókítà tó ní ó tó.

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹ máa wo ẹyinjú, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ lójoojúmọ́ ní ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ. Bí wọ́n bá pọ́n láàrin wákàtí 24 tí a bí i, bí ọmọ kò bá mu ọmú, bí oorun rẹ̀ bá pọ̀ jù, tàbí bí ara rẹ̀ bá ń gan, ẹ má ṣe dúró de ilẹ̀ mọ́.