Ẹ̀sùn Tí Mo Fi Kan Ẹni Tó Gbé Ọmọ Ológbò Wọlé

Nínú ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n ti ń sin ológbò nítorí èkúté, wọ́n máa ń gbé ẹ̀bi fún aláre. Wọ́n á gbé ọmọ ológbò méjì dé láti ọjà nínú páálí, ológbò àgbà tó ti wà nílé á gbá wọn létí, gbogbo ará ilé á sì pariwo pé ìkà ni. Èmi kò rí ẹ̀sùn kankan fi kan ológbò. Ẹ̀yin tí ẹ gbé páálí wọlé ni mo fẹ̀sùn kàn.

Ẹ̀sùn kìíní: ẹ tú páálí náà sáàárín pálọ̀. Imú ni ológbò fi ń mọ ẹni tirẹ̀. Ẹsẹ̀ àga àti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn tó ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ nù lójoojúmọ́, òórùn ara rẹ̀ ló ń fi síbẹ̀; ẹ̀rí rẹ̀ nìyẹn pé ilé yìí tòun ni. Ẹ wá da àjèjì tó ń rùn bí ilé ẹlòmíràn síwájú rẹ̀ lójijì. Ó yọ eyín, ó ń kùn, irun ẹ̀yìn rẹ̀ dìde: ó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n dúró lọ́ọ̀ọ́kán ni. Ìkìlọ̀ nìyẹn, kì í ṣe ìjà. Yàrá kan péré tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣeé tì ni ọ̀rọ̀ náà gbà. Àwọn ọmọ á wà níbẹ̀ pẹ̀lú omi, oúnjẹ àti iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n á máa yàgbẹ́ sí. Ẹ ó gbé aṣọ tí wọ́n sùn lé lọ fún àgbà, ẹ ó gbé tirẹ̀ wá fún wọn. Tó bá dìgbà oúnjẹ, àwo kan á wà nínú yàrá, òmíràn á wà lóde, lẹ́bàá ilẹ̀kùn náà, kí wọ́n máa gbóòórùn ara wọn bí wọ́n ṣe ń jẹ. Ó lè gba ọ̀sẹ̀, ó lè gba oṣù. Ẹ kò fún un ní ìṣẹ́jú kan.

Ẹ̀sùn kejì: ẹ nà án. Ẹnì kan mú sílípáàsì, ẹnì kan mú ìgbálẹ̀. Ohun tí ẹ fi kọ́ ọ ni pé ibikíbi tí àwọn ọmọ yìí bá wà, ìyà wà níbẹ̀. Àwọn mìíràn tún di ọmọ mú, wọ́n ń tì í mọ́ àgbà lójú, wọ́n ní kí wọ́n lè mọra. Ojú ọmọ lè fọ́ níbẹ̀.

Ẹ̀sùn kẹta wà lọ́rùn ẹni tó tà àti ẹni tó rà: ọmọ tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ 8 kò yẹ kó kúrò lábẹ́ ìyá rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń kọ́ bí a ṣe ń ṣeré láìgéni jẹ.

Ẹ̀sùn kẹrin ló dùn mí jù, torí ẹ̀mí ló ń bá a lọ. Àrùn kan wà tí àwọn dókítà ẹranko ń pè ní panleukopenia. Ọmọ ológbò tó bá kó o á máa bì, á máa ya ìgbẹ́ gbuuru, ó sì lè kú kí ọjọ́ mélòó kan tó pé. Fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ lágídí: ó lè wà lórí ilẹ̀ àti lára àwo fún ọdún kan. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà. Láti ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n á sì máa tún un gún títí ọmọ á fi pé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 16. Ẹ kò gún ọmọ, ẹ kò gún àgbà, ẹ kò sì yà wọ́n sọ́tọ̀ kí ẹ lè mọ èyí tó gbé àìsàn wálé.

Ẹ̀sùn karùn-ún: àwo kan, abọ́ iyẹ̀pẹ̀ kan, fún ẹran mẹ́ta. Mẹ́rin ni abọ́ iyẹ̀pẹ̀ tó yẹ wọ́n. Nígbà tí àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ ní ó ń jowú. Nígbà tó ké lóru, ẹ ní àjẹ́ ni. Ìdààmú ọkàn lè dá àìsàn sílẹ̀ nínú àpò ìtọ̀ ológbò. Akọ tó bá ń lóṣòó lemọ́lemọ́ tí ìtọ̀ kò jáde, ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀ lè ti dí. Bí kò bá rí dókítà lọ́jọ́ náà, ó lè kú láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta.

Ẹ̀sùn ìkẹyìn: ẹ di ológbò àgbà sínú àpò, ẹ lọ tú u sílẹ̀ lẹ́yìn ọjà. Ẹran tó ti ń pa èkúté ilé yín láti ọjọ́ yìí wá, torí pé ó yọ eyín sí àlejò tí ẹnikẹ́ni kò fi hàn án! Ohun tí mo ń béèrè ni pé kí ẹ lọ wá a padà lónìí, kí ẹ ti àwọn ọmọ mọ́ yàrá kan, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti orí aṣọ.