Igi Gogoro àti Ẹni Tó Ń Wò Ó

Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Nílẹ̀ Rẹ́mọ, ọmọ tó ń kó ẹgbẹ́kẹ́gbẹ́ ni wọ́n máa ń pa òwe yìí fún, tàbí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ tí ẹbí ṣì ń jà sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló kà á sí ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù: rọra, ṣọ́ra, yà fún un. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ni òwe yìí ń rán wa. Ẹni tó ń wo igi láti òkèèrè kò sinmi. Ojú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nígbà tí tàwọn yòókù ń tòògbé.

Bàbá kan wà ní Mákùn, ní Ṣágámù, tó fi òwe yìí jẹun. Bàbá Ẹnjiníà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọkọ̀ òfuurufú ló ń tún ṣe, nígbà ayé Nigeria Airways tó ya erin abìyẹ́ sára ọkọ̀ rẹ̀. Ìkejà ló ti ń ṣiṣẹ́ nínú háńgà, ọjọ́ Ẹtì ló sì máa ń wálé. Nígbà tí a sin ín, àwọn tó sọ̀rọ̀ ní ó jẹ́ ọkọ rere, bàbá rere, ọmọ ìjọ rere. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n kò sí òkú àgbà tí wọn kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún. Bàtà ni èmi rántí. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, kó tó di pé ó múra Ìkejà, yóò to bàtà ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ sí fàráńdà, yóò dojú wọn délẹ̀, yóò wá fi àtàǹpàkò wá ìṣó tó fẹ́ yọjú lábẹ́ wọn. Kò dúró kí ọmọ kan tiro wọlé kó tó mọ̀ pé bàtà ti ń gún un.

Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Kó tó tú u, yóò tẹ́ àkísà sílẹ̀, yóò to sípánà lé e, yóò kà á. Tó bá parí, yóò tún kà á. Lọ́jọ́ tí ọ̀kan dín, oúnjẹ alẹ́ tutù sórí tábìlì kí a tó rí i. Ìwà háńgà ló gbé wálé: sípánà kan tí wọ́n bá gbàgbé sínú ẹ́ńjìnnì lè pa odindi èrò ọkọ̀, nítorí náà ọkọ̀ kì í jáde tí irinṣẹ́ kò bá pé.

Wọn kì í dúró kí ọkọ̀ òfuurufú bàjẹ́ kí wọ́n tó tú u. Wákàtí tó fi fò ni wọ́n ń kà, àti iye ìgbà tó gbéra tó sì balẹ̀. Bó bá ti pé iye tí àwọn tó ṣe é là sílẹ̀, wọn á yẹ ẹ̀yà tó kàn wò, ì báà máa dán bí ọjọ́ tí wọ́n rà á. Àwọn oníṣòwò obì ní Sábó, ní Ṣágámù, kò nílò àlàyé ju èyí lọ. Obì tó wà nínú apẹ̀rẹ̀, wọn a máa dà á, wọn a máa ṣà á, wọn a sì pààrọ̀ ewé rẹ̀, nígbà tí kòkòrò kò tíì jẹ ẹ́ débi tí ojú yóò fi rí i.

Tí ọkọ̀ bá balẹ̀ ní Nàìjíríà, èrò a pàtẹ́wọ́ fún awakọ̀. N kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ta ló mọ orúkọ ẹni tó mọ́jú lábẹ́ ìyẹ́ apá ọkọ̀ náà? Àjálù tí kò ṣẹlẹ̀ kì í ní ẹlẹ́rìí.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ ló ń ní. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 1991, ọkọ̀ DC-8 kan tí Nigeria Airways háyà lọ́wọ́ Nationair, ilé iṣẹ́ ará Kánádà, gbéra ní Jẹ́dà, ó ń kó àwọn alálàájì wa bọ̀ ní Ṣókótó. Èrò 247 àti òṣìṣẹ́ 14 ló wà nínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò yè. Táyà ló dá a sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú táyà kan ti lọ sílẹ̀, èkejì rẹ̀ wá ń gbé ẹrù tirẹ̀ mọ́ ti èyí tó rọ̀ náà. Bí ọkọ̀ ti ń sáré àtigbéra, èyí tí ẹrù wọ̀ lọ́rùn bẹ́, ìkejì náà bẹ́ tẹ̀ lé e. Kẹ̀kẹ́ kò yí mọ́, ó ń wọ́ nílẹ̀, ó gbóná títí ó fi gbiná. Àwọn awakọ̀ kò mọ̀. Wọ́n ká ẹsẹ̀ ọkọ̀ wọnú tiná-tiná.

Ohun tó sì burú jù ni pé àwọn kan ti rí i kí ọkọ̀ tó gbéra. Ìwádìí fi hàn pé àwọn mẹkáníìkì mọ̀ pé afẹ́fẹ́ táyà kò tó, wọ́n sì fẹ́ ṣe é. Nitrogen tí wọ́n máa ń fà sí irú táyà bẹ́ẹ̀, nítorí pé kì í ran iná lọ́wọ́, kò sí nítòsí. Ọkọ̀ ti pẹ́ ju àkókò rẹ̀ lọ. Ọ̀gá tó ń bójú tó ìrìnnà náà ní kó máa lọ.

Wọ́n wo igi gogoro láti òkèèrè, ó sì gún wọn lójú náà. Níbí ni mo ti ń rò pé a máa ń tètè dákẹ́ tí a bá pa òwe yìí. Ojú tó rí igi kò ní ṣe nǹkan kan tí ẹnu kò bá lè sọ pé ẹ dúró, tí ẹni tó ni ọkọ̀ kò sì ní gbọ́. Bàbá Ẹnjiníà kì í sọ̀rọ̀ iṣẹ́ púpọ̀, àmọ́ tí wọ́n bá ti dárúkọ Jẹ́dà, yóò ní: “Ẹ má bi mí bóyá wọ́n rí i. Ẹ bi mí ta ni wọ́n gbọ́ràn sí lẹ́nu.” Pápákọ̀ òfuurufú Gateway ti wà láàárín Ìlíṣàn àti Ìpẹru báyìí, iye owó tíkẹ́ẹ̀tì sì ni mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè ìbéèrè bàbá yìí.

Igi kan wà tí Bàbá Ẹnjiníà alára kò lè dá gé. Ìjọba pa Nigeria Airways rẹ́ ní 2003, ó sì di 2018 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í san owó tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń retí. Ọ̀pọ̀ ti kú de owó yẹn. Bàbá Ẹnjiníà ti fura tipẹ́. Láti ìgbà tí ọkọ̀ wọn ti ń dín kù ló ti ń ra búlọ́ọ̀kù díẹ̀díẹ̀, títí ó fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta sójú títì. Owó ṣọ́ọ̀bù yẹn ni àbíkẹ́yìn rẹ̀ fi jáde ní yunifásítì. Ìyàwó rẹ̀ ló sọ ọ́ fún wa lọ́jọ́ ìsìnkú. Ó ní ọdún tí wọ́n da ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́, bàbá wọn kò ra aṣọ ọdún fún òun, òun sì bá a jà gidi. Ó ní ṣọ́ọ̀bù dára o, ṣùgbọ́n aṣọ náà ṣì ń dun òun.