Omi Yín Ti Ń Dàwọ̀ Ewé!

Ẹ̀yin tí ẹ gbẹ́ adágún ẹja tuntun ní Datcha, ní Atakpamé àti káàkiri agbègbè wa, ẹ wo omi yín lónìí. Ẹ má wo ẹja. Omi ni kí ẹ wò.

Ó ti ń dàwọ̀ ewé. Lánàá ó mọ́ díẹ̀. Lónìí ó ki bí ọbẹ̀ ewédú. Ẹ ní kò léwu, ẹ ní oúnjẹ ẹja ni. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ni oúnjẹ. Àpọ̀jù rẹ̀, ikú ni.

Ewé omi ni. Ó kéré débi pé ojú lásán kò rí ẹyọ kan. Èyí kì í ṣe ojú oró tí a fi ń súre fọ́mọ.

Ta ló ń bọ́ ọ? Ẹ̀yin ni! Ẹja kéré, oúnjẹ tí ẹ ń dà sí i pọ̀. Ẹ tún da ìgbẹ́ adìẹ lé e. Òjò àkọ́rọ̀ a sì gbá ajílẹ̀ wá láti oko òwú. Fọ́sífétì inú ajílẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń wà ní Hahotoé ní Togo, kò mọ òwú yàtọ̀ sí ewé omi. Èyí tó bá bá pàdé ló ń bọ́.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ń pa ẹja. Lọ́sàn-án, ewé omi ń tú afẹ́fẹ́ sínú omi. Lóru, òun náà ń fà á mí. Kí àkùkọ tó kọ, afẹ́fẹ́ ti tán. Épìyà tó ń la ẹnu lójú omi ní ìdájí kò ṣeré. Ó ń kú lọ. Àrọ̀ lè mí afẹ́fẹ́ òkè, ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó kú. Ìyẹn ló ń tan olówó rẹ̀ jẹ.

Bí ìkúùkù bá bo oòrùn fún ọjọ́ mélòó kan, ewé omi lè kú lẹ́ẹ̀kan náà. Á jẹrà. Ìjẹrà á gba afẹ́fẹ́ tó kù. Ẹja á léfòó, owó tí ẹ yá á bá a lọ.

Èyí tó burú jù rèé. Bí ẹ bá rí i tó léfòó bí ọ̀dà tí wọ́n dà sílẹ̀, ẹ sá! Ìbátan ewé omi kan ń ṣe májèlé. Ní Botswana, lọ́dún 2020, erin tó lé ní 300 kú. Ìjọba ibẹ̀ ní májèlé yìí ni. Ní Toledo, ní Amẹ́ríkà, lóṣù kẹjọ ọdún 2014, irú májèlé yìí ló mú kí wọ́n ní kí ará ìlú má mu omi ẹ̀rọ, kí wọ́n má sì sè é mu. Sísè kì í pa májèlé yìí!

Ẹ dáwọ́ oúnjẹ dúró lónìí. Ẹ fa omi díẹ̀ jáde, ẹ fi omi mímọ́ rọ́pò. Ẹ má da ìgbẹ́ adìẹ sí i mọ́. Ẹ la kòtò kí ọ̀gbàrá oko lè gba ibòmíràn. Ẹ so ewúrẹ́ jìnnà, ẹ lé ọmọdé kúrò, ẹ má pọn omi rẹ̀ mu.

Lọ́la, kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì lọ sétí adágún. Bí ẹja bá ń la ẹnu, ẹ ti pẹ́. Ẹ da omi tuntun sí i lójú ẹsẹ̀, kó má baà pẹ́ jù.