Orúkọ igi kún ìgboro wa, igi gan-an dà?

Ẹ wo orúkọ àwọn àdúgbò wa. Ìdí-Àràbà àti Ìdí-Òro wà l'Ékòó. Ìdí-Iṣin, Ìdí-Arère àti Ìdí-Oṣè wà n'Íbàdàn. Igi làwọn baba wa fi ń júwe ọ̀nà fún àlejò. Lónìí, báǹkì, ilé epo tàbí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì la fi ń júwe. Ẹ bọ́ọ́lẹ̀ nínú danfo ní ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò yìí lọ́sàn-án gangan, kẹ́ ẹ wá ibòji tẹ́ ẹ máa sá sí. Ẹ máa wá a tì.

Èrò tèmi rèé: ó yẹ káwọn ilé iṣẹ́ ńlá jáwọ́ nínú gbígbin igi mẹ́wàá torí fótò, kí wọ́n pa owó pọ̀, káwọn àtàwọn ará àdúgbò jọ gbin igbó. Bẹ́ẹ̀ ni, igbó. Igbó kékeré láàárín ìgboro, tó jẹ́ kìkì igi ilẹ̀ wa.

Kì í ṣe àlá. Akira Miyawaki, onímọ̀ nípa ewéko ọmọ Japan tó kú lọ́dún 2021, ló gbé ọ̀nà yìí kalẹ̀. Ó ṣàkíyèsí pé níbi tí wọ́n ti gé igi ìbílẹ̀ tán, igbó kéékèèké tó yí ojúbọ wọn ká ṣì dúró. Ibẹ̀ ló ti kọ́ irú igi tó yẹ ilẹ̀ náà. Ṣé ìyẹn ò rán yín létí Igbó Ọ̀ṣun l'Óṣogbo, tí UNESCO fi kún ohun àjogúnbá àgbáyé lọ́dún 2005? Ọ̀wọ̀ tí wọ́n ní fún òrìṣà, àti wàhálà tí Susanne Wenger àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe, ni igbó yẹn fi wà dòní. Igbó tó bá ní olówó, kì í tètè pa run.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ò le. Wọ́n á tú ilẹ̀ tó ti le, wọ́n á po ajílẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n á gbin igi mẹ́ta sí márùn-ún sórí mítà kan níbùú lóòró, wọ́n á da oríṣiríṣi pọ̀: àwọn tó máa ga bí ìrókò àti arère, àwọn tó ń tẹ̀ lé wọn bí àgbálùmọ̀ àti iṣin, àtàwọn kéékèèké bí akòko. Wọ́n á fi ewé gbígbẹ bo ilẹ̀. Torí pé wọ́n fún pọ̀, àwọn igi náà á máa du oòrùn, wọ́n á sáré ga. Ẹ bomi rin wọ́n, ẹ tu koríko fún ọdún méjì sí mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn, igbó á máa tọ́jú ara ẹ̀. Ilẹ̀ tó jẹ́ mítà mẹ́wàá níbùú lóòró, tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́fà pílọ́ọ̀tì 60 by 120, á gba igi 300.

Àwọn ilé iṣẹ́ kan ti ṣe é. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Nippon Steel ní kí Miyawaki bá àwọn gbin igbó sí ilé iṣẹ́ irin wọn ní Oita. Toyota náà ṣe é ní India, níbi tí ẹnjiníà wọn kan, Shubhendu Sharma, ti rí i tó wọ̀ ọ́ lára débi pé ó fiṣẹ́ sílẹ̀, ó dá Afforestt sílẹ̀ lọ́dún 2011. Kí ló dé tí kò lè ṣẹlẹ̀ l'Ọ́tà, l'Ágbárá tàbí n'Íkẹjà?

Ṣùgbọ́n mo ti rí èyí tí kì í yọrí. Ilé iṣẹ́ kan wá sí òpópónà wa pẹ̀lú fìlà, T-shirt àti kámẹ́rà. Wọn ò bi mẹkáníìkì tó wà níbẹ̀, wọn ò bi ìyá olóúnjẹ, wọn ò bi ẹgbẹ́ onílé. Kí ọyẹ́ tó parí, gbogbo igi yẹn ti gbẹ. Ta ni ì bá bomi rin ín, nígbà tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni?

Torí náà, ẹ jẹ́ kó wà nínú ìwé àdéhùn: owó omi àti owó oṣù òṣìṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta, kí òṣìṣẹ́ náà sì jẹ́ ọmọ àdúgbò. Ará àdúgbò ni kó yan ibi tí igbó máa wà àti igi tí wọ́n fẹ́. Ẹ má kó igi masquerade ti ilẹ̀ India wá bá wa mọ́, ó tó gẹ́ẹ́.

Àwọn kan á ní ejò ńkọ́, àwọn ọmọ ìta ńkọ́? Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ẹ fi wáyà yí i ká, ẹ tan iná sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ fún ẹni tí àdúgbò mọ̀. Ọgbà iléèwé àti ọgbà ilé iṣẹ́ fúnra wọn ló dáa jù láti fi bẹ̀rẹ̀. Kí ilé iṣẹ́ kankan má sì rò pé igbó kékeré á bo èéfín òun mọ́lẹ̀. Kò lè rọ́pò Igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí erin ṣì wà.

Igi kan kì í dá igbó ṣe, fótò kan ò sì lè ṣe é. Láti 2008 nìjọba Èkó ti ya July 14 sọ́tọ̀ fún igi gbígbìn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, tí ilé iṣẹ́ bá gbé fótò tiwọn sórí Instagram lọ́jọ́ náà, ẹ má kàn tẹ like. Ẹ bi wọ́n: èyí tẹ́ ẹ gbìn lọ́dún tó kọjá dà?