Ìgbátí Ni Àwọn Ọmọ Wa Ń Fẹ́

Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, bàbá kan mú ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, wá bá mi pé kí n gbàdúrà lé e lórí. Ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé ọmọ náà ti ń rọ ìbọn. Mo ní kí wọ́n gbé e wá kí n rí i. Páìpù omi ni, pẹ̀lú pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́. Afẹ́fẹ́ nìkan ni ó fi ń ta ọta, kò sí ẹ̀tù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú mi jókòó ni ìwé àjákọ ọmọ náà. Ó ti kọ gbogbo ọta tí ó dán wò sílẹ̀: amọ̀ gbígbẹ, ọ̀dùnkún, ọsàn wẹ́wẹ́, ṣùkù àgbàdo tí ó fi aṣọ wé. Ó ti fi ẹsẹ̀ wọn bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti lọ jìnnà tó, ó sì kọ ìdí tí ó rò pé èyí fi ju ìyẹn lọ.

Mo gbàdúrà fún un, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú àdúrà tí bàbá rẹ̀ ń retí. Ara mi ni mo rí nínú ọmọ náà.

Ẹ̀yin tí a jọ gbé ilé ẹ̀kọ́ yìí yóò rántí ìbọn oparun tí a máa ń ṣe lẹ́yìn ilé ìdáná. A ó fi bébà rírin dí iwájú oparun, a ó fi òmíràn dí ẹ̀yìn, a ó sì fi igi tì í títí ti iwájú yóò fi fò jáde pẹ̀lú ariwo. A kò mọ̀ pé òfin tí Robert Boyle tẹ̀ jáde ní ọdún 1662 ni a fi ń ṣeré: bí a bá fún afẹ́fẹ́ mọ́ ìdajì àyè rẹ̀, tí ooru rẹ̀ kò yí padà, agbára tí ó fi ń ti nǹkan yóò di ìlọ́po méjì. Boyle yìí kan náà ni ó fi owó sílẹ̀ nínú ìwé ìpíngún rẹ̀ fún ìwàásù tí yóò máa gbèjà ìgbàgbọ́ Kristẹni. Kò rí ìjà láàárín yàrá àyẹ̀wò àti pẹpẹ.

Bébà kò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo fi èkùrọ́ rọ́pò rẹ̀. Èkíní fò kọjá ògiri; èkejì ba ọ̀rẹ́ mi lókè ìpéǹpéjú. Bí ó bá wá sílẹ̀ díẹ̀ sí i ni, ojú náà ì bá fọ́. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó sọ òkò sí ọjà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bá. Pàṣán mẹ́fà ni mo jẹ, ó sì tọ́ sí mi. Lẹ́yìn náà ni olùkọ́ físíìsì wa pè mí, ó ní kí n ṣàlàyé fún òun ìdí tí èkùrọ́ fi lọ jìnnà ju bébà lọ. N kò lè ṣe é. Ó sì kọ́ mi. Egbò pàṣán ti jiná tipẹ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà wà lára mi di òní.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé eré ọmọdé lásán ni. Ní ìpínlẹ̀ Delaware, ní Amẹ́ríkà, àwọn àgbàlagbà bẹ̀rẹ̀ ìdíje jíju elégédé ní ọdún 1986. Àgbá aláfẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ti ta elégédé kọjá 4,000 ẹsẹ̀ bàtà rí, elégédé tí ó bá sì fọ́ kí ó tó balẹ̀ kò wọ ìṣirò. Ní ọdún 2016, irin kan já kúrò lára ọ̀kan nínú àwọn àgbá náà, ó sì ṣe obìnrin kan léṣe gidigidi. Ẹ kíyè sí i: elégédé kọ́ ni ó ṣe é léṣe, ara àgbá fúnra rẹ̀ ni. Èyí ni mo sọ fún ọmọ náà: ike tí a ṣe fún omi lè fọ́ bí àwo nígbà tí a bá há afẹ́fẹ́ mọ́ ọn, kí ó sì di ọta sí ẹni tí ó mú un lọ́wọ́.

Kíróníkà Kejì, orí 26, sọ nípa Ọba Ùsáyà, ẹni tí àwọn ọlọ́gbọ́n ṣe ẹ̀rọ fún láti máa ta ọfà àti òkúta ńlá. Ìwé Mímọ́ kò bú ẹ̀rọ náà. Ọkàn ọba tí ó gbéga ni ó bì í ṣubú. Bẹ́ẹ̀ ni Òfin Mósè kò ní kí a má kọ́ òrùlé. Ó ní kí a mọ ìgbátí yí i ká, kí ẹnikẹ́ni má bàa ti ibẹ̀ ṣubú.

Àṣìṣe méjì ni àwa òbí ń ṣe. Àwọn kan á fọ́ páìpù náà, wọ́n á sì pe ìwádìí ní ẹ̀mí èṣù. Àwọn mìíràn á pàtẹ́wọ́, wọ́n á yin ọmọ, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú ewu tí kò mọ̀. Ti àkọ́kọ́ ń pa ọgbọ́n; ti èkejì lè pa ọmọ.

Mo kí gbogbo wa kú àjọ̀dún. Mo gbọ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wa fẹ́ kí á fi owó tí a dá kọ́ ẹnu ọ̀nà ńlá tí orúkọ wa yóò wà lára rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ti wà; ibẹ̀ ni a gbà wọlé, ibẹ̀ náà ni a sì gbà jáde. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ kọ́ ilé iṣẹ́ ọwọ́ kan sí ẹ̀gbẹ́ yàrá sáyẹ́ǹsì, kí a pèsè awò tí yóò dáàbò bo ojú àwọn ọmọ, àti olùkọ́ tí yóò dúró tì wọ́n.

Ọmọ tí mo gbàdúrà fún ti gbé páìpù rẹ̀ sílẹ̀ títí a ó fi rí ẹni tí yóò dúró tì í. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni ó ń bi mí pé nígbà wo. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, kí ni kí n sọ fún un?